Onílé Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, wọn ò sì parọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún wa nípa irọ́ tí kò sáré lọ síbì kankan, èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ sínú ilé, tó ń gbálẹ̀ láràárọ̀, tó ń kí ará ilé kú ojúmọ́, tó sì ń sùn sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ta ló máa lé irú irọ́ bẹ́ẹ̀ bá? Ìtìjú nìkan ni. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa kọ́ ilé ìtìjú, kí a tún wá máa gbé inú rẹ̀.

Orí àkàbà ni ọmọbìnrin kan ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin tí irọ́ yìí jẹ́ tirẹ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, oòrùn ti yọ, omi sì ń kán tó, tó, tó láti etí òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ọkùnrin náà wà lókè, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń fi ọwọ́ lásán kó ewé jíjẹrà kúrò nínú gọ́tà òrùlé. Ewé kan lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí bí ìyẹ́ adìẹ. Ó ń kọ orin ìyìn. Ohùn rẹ̀ ò dára rárá, àmọ́ tọkàntọkàn ló fi ń kọ ọ́.

Ọmọbìnrin yìí gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Yàrá ló wá wò. Kó tó lanu kí ọkùnrin náà, ẹsẹ̀ àkàbà kan yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Kíá ló gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú, ó tún fi èjìká tì í.

"Ẹ má mira o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira!"

"Èmi kọ́ ni mò ń mira, ilẹ̀ ni."

"Ilẹ̀ kì í mira. Ẹ̀yin lẹ̀ ń jó sí orin yín."

Ọkùnrin náà rọra sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó fi máa tẹ ilẹ̀, ẹrẹ̀ ti kun àwọn méjèèjì, wọ́n wá ń wo ara wọn bí ọmọdé tí ìyá fẹ́ bá wí. Ọkùnrin náà wò ó: ọmọ dúdú tó ń dán, tépù ìwọnṣọ rọ̀ lọ́rùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, arẹwà tó ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ mọ̀ pé òun kọjá. Ọmọbìnrin náà wò ó padà: yíǹkì dúdú ní gbogbo èékánná, ojú tó tètè ń rẹ́rìn-ín, tó sì tún tètè ń wolẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé yìí ni?" ni ó bi í.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, torí ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ọkùnrin náà ló ni ilé. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti parí ìwé mẹ́wàá, ibẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ti fi ọgbọ́n kan hàn án. "Má kọ́kọ́ wá ilé tí o máa fi ṣe fàájì," ni ọ̀gá máa ń wí. "Wá ilé tó máa bọ́ ara rẹ̀. Gbé apá kan, fi èyí tó kù háyà. Má sì gbé inú yàrá tó lè pawó." Ọmọ náà gbọ́. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra mọ́tò, òun ń tọ́jú owó sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, títí wọ́n fi yá a ní èyí tó kù, ó sì ra ògbólógbòó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Owó tí àwọn ayálégbé bá san, ẹgbẹ́ ni yóò dá a padà fún. Gbogbo yàrá ló sì fi háyà, lókè nílẹ̀. Ó wá ku ihò kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí onílé àtijọ́ ń kó àpò sìmẹ́ǹtì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì fífọ́ sí. Ibẹ̀ ló tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí.

Ọjọ́ tí ayálégbé àkọ́kọ́ dé, ó bá a tó ń gbálẹ̀. "Onílé dà?" ni ayálégbé wí. Ọmọkùnrin náà wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó wo ihò tó ń sùn. Ojú tì í. Irú onílé wo ló ń bá ìgbálẹ̀ sun yàrá kan náà? "Onílé ò sí níbí," ló bá wí. "Alàgbà kan ni. Èmi ni alámòójútó."

Bí Alàgbà ṣe dáyé nìyẹn o, tí kò ní ìyá, tí kò ní bàbá. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù ló ń dàgbà. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí Alàgbà kì í wá wo ilé rẹ̀, ó ní ó ń gbé ìlú òkèèrè. Wọ́n ní kó wọkọ̀, ó ní orúnkún ń dùn ún. Tí owó ilé bá fẹ́ gòkè, Alàgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Tí ohun kan bá bàjẹ́ tí kò sówó àtúnṣe, Alàgbà ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ó rọrùn púpọ̀. Àgbà tí kò sí níbẹ̀ ló ń jẹ èébú, ọmọ tó wà níbẹ̀ ló ń jẹ àánú.

Ní ọjọ́ àkàbà yìí, òtítọ́ dé ẹnu rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó rí ẹrẹ̀ tó wà lára rẹ̀, ó gbé e mì.

"Rárá o," ni ó wí. "Alàgbà kan ló ni ín. Alámòójútó ni mí."

"Mo ti rò ó. Onílé wo ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ kó ewé?" Ọmọbìnrin náà bá yọ ewé iwájú orí rẹ̀ fún un. "Ẹ bá mi kí Alàgbà. Ẹ ní aránkọ́tìnì ti gba yàrá."

Kọ́tìnì ló ń rán, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ilé tuntun, ọ́fíìsì, ilé ìwòsàn, níbikíbi tí fèrèsé bá wà ni wọ́n ti ń pè é. Yàrá igun lókè ló gbà, nítorí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára fún abẹ́rẹ́. Kò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni òrùlé ti lu. Ọmọkùnrin wa mọ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé háyà máa ń ṣe àṣìṣe kan, òun náà ti ṣe é: owó tó yẹ kó fi tún òrùlé ṣe ló fi ra ọ̀dà. Ó kun iwájú ilé kó lè wu àwọn tó ń wá yàrá. Ó sì wù wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òjò kì í wo ojú ilé, orí ilé ló ń wò.

Òjò kejì tó rọ̀, ọmọbìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ tòun ti bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ bá mi sọ fún Alàgbà pé èmi àti òjò la jọ ń gbé yàrá yẹn, òjò ò sì sanwó."

Ọkùnrin náà mú fóònù, ó gba ẹ̀yìn táńkì omi lọ, ó fi fóònù tí kò pe ẹnì kankan sétí. "Ẹ kú iṣẹ́ sà... Bẹ́ẹ̀ ni sà... Ó ti yé mi sà." Ó padà wá. "Alàgbà ní kí ẹ ṣe sùúrù. Ó ní orúnkún ń yọ òun lẹ́nu."

"Kí ni orúnkún bá òrùlé ṣe? Ṣé orúnkún ni wọ́n fi ń kàn án ni?"

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà kanlẹ̀kùn rẹ̀, ó na ìgò ìpara kékeré kan sí i. "Fún orúnkún Alàgbà ni. Mo fi ìbínú sọ̀rọ̀ lánàá, kò dáa. Ẹ ní mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún un ní ẹsẹ̀ líle. Bóyá tó bá lè rìn, á wá wo òrùlé rẹ̀."

Ọkùnrin náà gba ìgò. Kò lè fi para, kò lè jù ú nù, kò sì lè dá a padà. Ó tì í sí igun abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ìgbà tó bá ti ń wá bàtà rẹ̀ níbẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń kàn án. Bí iná ló ń rí lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í béèrè ìwé àṣẹ kó tó kó wọlé. Láti orí bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n dé orí omi gbígbé. Láti orí omi gbígbé, wọ́n dé orí ìjókòó lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ibẹ̀ ni "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì rí ìgbà tó yí padà.

"Abẹ́ àtẹ̀gùn yìí, kí lo máa ń gbọ́ níbẹ̀?" ni ọmọbìnrin náà bi í lọ́jọ́ kan.

"Ẹsẹ̀. Mo mọ ẹsẹ̀ gbogbo yín. Bàbá Dẹ́rẹ́bà ń wọ́ tọ̀tún. Àwọn ọmọ Ìyá Ìbejì, ìyẹn kì í ṣe ẹsẹ̀, ààrá ni."

"Tèmi ńkọ́?"

"Tìrẹ máa ń dúró díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, bí ẹni fẹ́ kanlẹ̀kùn tí ojú wá tì."

Ọmọbìnrin náà fi tépù ìwọnṣọ nà án lápá. "Irọ́ ni! Ọmọ abẹ́ àtẹ̀gùn, a-dùbúlẹ̀-ka-ẹsẹ̀-ọlọ́mọge. A-gbọ́-ìró-ẹsẹ̀-mọ-ẹni-tó-ń-bọ̀. Ta ló ní kí o máa kà á?"

"Ọkàn mi ló ń kà á, olólùfẹ́ mi. Èmi ò rán an níṣẹ́."

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà wọ inú ihò náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí fèrèsé. Òkùnkùn ọ̀sán gangan. Ó fa tépù jáde, ó wọn ògiri ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó mú kọ́tìnì wá, aláwọ̀ òfeefèé bí oòrùn òwúrọ̀, ó gbé e kọ́ sára ògiri gbalasa náà.

"Fèrèsé dà?" ni ọkùnrin náà wí.

"Máa rò pé ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Títí Ọlọ́run á fi ṣe é."

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó ni gbogbo fèrèsé ilé yẹn, lókè nílẹ̀, jókòó síwájú kọ́tìnì tí kò ní fèrèsé, ojú sì tì í débi pé kò lè dúpẹ́ dáadáa. Ọmọbìnrin náà rò pé ayọ̀ ló gbé e lóhùn lọ.

Yàrá kan ṣófo lókè lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ọkùnrin wa ti ń wá ayálégbé tuntun sí i, àfi bí ọmọbìnrin yìí ṣe kó gbogbo ará ilé jọ sí àgbàlá lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Bàbá Dẹ́rẹ́bà wà níbẹ̀, arúgbó tó ti fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Ìyá Ìbejì wà níbẹ̀, ọmọ kan lápá, ọmọ kan lẹ́sẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ òrùlé kọ́ la bá wá lónìí," ni aránkọ́tìnì wí. "Ọ̀rọ̀ alámòójútó wa ni. Ó ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi, ó ń gun òrùlé, síbẹ̀ Alàgbà jẹ́ kó máa sùn níbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Yàrá kan ṣófo. Kí Alàgbà fún un. Tí kò bá fẹ́, àwa ará ilé á máa bá a dá owó rẹ̀."

"Òótọ́ ni!" ni Ìyá Ìbejì wí. "Èmi á dá tèmi. Pe Alàgbà wá nísinsìnyí. Kò ní burú ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọkùnrin náà wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń san owó ilé fún un ni wọ́n fẹ́ tún bá a san tirẹ̀. Ó fẹ́ sọ òótọ́. Ẹnu rẹ̀ wúwo. Ó gba ẹ̀yìn táńkì lọ bí ìṣe rẹ̀, ó gbé fóònù sétí, kò tilẹ̀ lè sọ "ẹ kú iṣẹ́ sà" mọ́. Ó kàn dúró, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán nínú táńkì.

"Alàgbà ní rárá," ni ó padà wá wí.

Bàbá Dẹ́rẹ́bà wò ó gidigidi, ó mi orí, ó wọlé lọ. Omi bọ́ lójú aránkọ́tìnì.

"O ò bẹ̀ ẹ́ dáadáa," ni ó wí. "O kì í bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ. Ìyẹn ló ń dùn mí."

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá aránkọ́tìnì wá wo ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bíríkìlà ni bàbá yìí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí páànù. Kó tó jókòó, ó ti fọwọ́ pa ara ògiri ilé, ó ti gbá a wò pẹ̀lú ìka. "Ẹni tó mọ ilé yìí mọṣẹ́," ni ó wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọ abẹ́ àtẹ̀gùn, orí rẹ̀ sì gbá igi àtẹ̀gùn, gbàgà!

"Ibí lò ń gbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"Tí ẹ̀yin méjèèjì bá wà níbí, ṣé ẹ máa lè mí lẹ́ẹ̀kan náà, àbí ẹ ó máa mí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan?"

Ọmọkùnrin náà gbìyànjú àtirẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"Gbọ́, ọmọ mi. Mi ò kórìíra rẹ. Láti kékeré ni mo ti ń mọ ilé, mi ò ní ẹyọ kan. Ilé onílé ni mo fi gbogbo agbára mi mọ. Ìyá ọmọ yìí kú nínú yàrá tí a háyà. Mi ò fẹ́ kó tún fẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀."

Aránkọ́tìnì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé omi tútù sórí àwo. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó fẹ́ sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun gba abẹ́ àtẹ̀gùn náà. Tí ọmọkùnrin náà bá dákẹ́ díẹ̀ sí i, ì bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dára jù láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ta á ní ìpá.

"Tèmi ni, sà," ni ó wí. "Èmi ni mo ni ilé. Gbogbo rẹ̀."

Bàbá yípadà. "Kí lo wí?"

"Èmi ni mo rà á. Èmi ni onílé, sà."

Bí òjò ṣe máa ń dá tí oòrùn máa ń yọ ni ojú bàbá ṣe rí. "Ìwọ? Ní ọjọ́ orí rẹ? O wá gbé orí ọrọ̀, ò ń sùn sábẹ́ rẹ̀! Háà, ọlọ́gbọ́n ọmọ!" Ó na ọwọ́ líle náà sí i.

Ọmọbìnrin náà wọlé tòun ti àwo. Kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ kan ló fi béèrè ọ̀rọ̀ tó ṣì ń dun ọmọkùnrin náà dòní:

"Orúnkún Alàgbà ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀.

"Mo gbàdúrà fún un. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, mo dárúkọ orúnkún tí kò sí níwájú Ọlọ́run." Ó gbé àwo sílẹ̀. "Ẹ kú ìkàlẹ̀, Onílé. Ní ìparí oṣù, màá kó jáde nínú ilé yín."

"Ẹ" tó pè é yẹn, ó dùn ún ju ìgbájú lọ.

Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró lórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn mọ́. Ó ń kọjá tààrà. Ọkùnrin náà á dùbúlẹ̀ síwájú kọ́tìnì òfeefèé, á máa gbọ́ ọ tó ń lọ, tó ń bọ̀. Ó gbàdúrà, ṣùgbọ́n àdúrà ò gòkè, torí pé kò mọ ẹni tó yẹ kó pe ara rẹ̀ níwájú Ẹlẹ́dàá. Nígbà tó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni òun á máa rà sábẹ́ àtẹ̀gùn yẹn, ó pe gbogbo ará ilé jọ. Ó dúró níwájú wọn, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tó fọ́ dígí.

"Kò sí Alàgbà," ni ó wí. "Kò fìgbà kan sí. Èmi ni mo ni ilé. Ojú ló ń tì mí."

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ìbejì dìde, ó fi ọwọ́ kan lé bàdí.

"Dúró ná. Ìwọ lo ní kí àwọn ọmọ mi má sáré lórí àtẹ̀gùn? 'Alàgbà ò fẹ́ ariwo.' Alàgbà tó wà ní ìlú òkèèrè!"

"Orí mi ni wọ́n ń sáré lé, Màmá."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé ìjà lòun ń jà. "Èmi tí mo fẹ́ bá ọ dá owó yàrá! Ojú tì ẹ́!"

"Ó tì mí, Màmá."

"Èmi ti mọ̀ ní tèmi," ni Bàbá Dẹ́rẹ́bà wí láti orí àga rẹ̀. "Tí òjò bá ṣú, aṣọ tó sá ni ayálégbé á kọ́kọ́ wò. Òrùlé ni onílé á wò. Ọjọ́ tí mo ti rí bí o ṣe ń wo òrùlé, ó ti yé mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Bàbá?"

"Ṣé irọ́ mi ni? Ẹni tó gbé ẹrù ló máa mọ ìgbà tó wúwo."

Aránkọ́tìnì wà láàárín wọn. Ó fi tépù bo ẹnu. Bóyá ẹ̀rín ló ń bò, bóyá ẹkún ni. Ọkùnrin náà yọ ìgò ìpara jáde nínú àpò, ìdérí rẹ̀ ò tíì ṣí, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Èyí kì í ṣe tèmi," ni ó wí. Ọmọbìnrin náà mú un, ó gòkè lọ.

Nígbà tó yá, alùpùpù tí ọkùnrin náà ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ò sí nínú àgbàlá mọ́, ó ti tà á. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Páànù tuntun dé, ìṣó dé, kápẹ́ńtà kan sì dé. Òun àti kápẹ́ńtà gun orí yàrá igun, wọ́n ń kàn án.

Aránkọ́tìnì jáde sí fáráǹdà. "Ẹ mọ̀ pé mò ń lọ."

"Mo mọ̀."

"Ta lẹ wá ń tún un ṣe fún?"

"Ẹni tó ń bọ̀ náà ní orí tí òjò ò gbọdọ̀ pa."

Ọmọbìnrin náà yí padà, ó wọlé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ńlá ṣú. Ọmọbìnrin náà gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí ibi tó máa ń gbé e sí, ó jókòó tì í láàárín ẹrù tó ti dì. Òjò rọ̀, ó lu páànù bí ẹni ń da ẹ̀wà. Ó ń retí kíkán omi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì dákẹ́. Ó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbẹ. Ó jókòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì gbígbẹ náà pẹ́, ó sì gbọ́ nínú ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ohun tí ẹnu onílé kò lè sọ.

Nísàlẹ̀, ọkùnrin náà gbọ́ ẹsẹ̀. Ó ń bọ̀. Ó dé àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn. Ó dúró.

Ilẹ̀kùn dún.

"Kọ́tìnì mi ni mo wá mú," ni ó wí.

Ọkùnrin náà ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti ká a sílẹ̀, ó nà án sí i. "Ọkùnrin tí kò ní nǹkan kan lo rán an fún. Mi ò yẹ fún un."

Ọmọbìnrin náà gbà á, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó wo ògiri tó ti ṣófo. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Àwọn yòókù, ó yé mi. Èmi ńkọ́?"

"Nígbà tí o rò pé mi ò ní nǹkan kan, o yọ ewé lórí mi. Mo bẹ̀rù pé tí mo bá di onílé, wàá kàn máa sanwó."

Òjò ń rọ̀. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Ojú ń ti èmi náà," ni ó wí. "Mo gbádùn kí n máa káàánú rẹ. Ó dùn mọ́ mi pé èmi ni mo di àkàbà mú, tí ìwọ wà lókè tí ò ń gbọ̀n. Ọjọ́ tí o ní tìrẹ ni ilé, irọ́ rẹ dùn mí, ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún dùn mí: pé o ò nílò mi mọ́."

"Mo nílò rẹ. Ilé tí mo ní ò di àkàbà mú fún mi rí."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọkùnrin náà rí àyè. "Yàrá tó ṣófo lókè yẹn, mi ò tíì fún ẹnikẹ́ni. Tiwa ni, tí o bá gbà. Fèrèsé méjì ló ní."

"Yàrá tó lè pawó?" Ó mi orí. "Bàbá mi lọ wádìí rẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ ní ilé ìtẹ̀wé, ó ti sọ òfin yín fún mi. Jẹ́ kó máa pawó títí a ó fi bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kò sírọ́ mọ́, abẹ́ àtẹ̀gùn ò tì mí lójú." Ó dìde, ó gbé kọ́tìnì sí èjìká, ó fa tépù jáde, ó wọn ògiri ẹ̀yìn láti igun dé igun. "Kí ló wà lẹ́yìn ibí?"

"Àgbàlá. Apá ibẹ̀ ni oòrùn ti ń yọ."

"Bàbá mi gbá ògiri yìí wò lọ́jọ́sí. Ó ní ó lè gbà á." Ó fi ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ fa ìlà sí òkè, ó fà á sí ìsàlẹ̀, ó yíjú sí i. "Mi ò lè máa jí sínú òkùnkùn pẹ̀lú ọkọ mi. Jọ̀ọ́, lu fèrèsé síbí fún mi."